Fíìmù Poly Styrene ń bọ̀ lóṣù Kẹta: kí lẹ ń retí?

Onírẹ́kọ́ọ̀dù · London · 9 oṣù Kejì 2021, 8:14 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ kú ìrọ́jú kónílé-ó-gbélé yìí. Fíìmù tí àwa kan ti ń dúró dè látọjọ́ yìí ti ṣetán o. Poly Styrene: I Am a Cliché ni wọ́n pè é, ìtàn obìnrin tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ X-Ray Spex. Celeste Bell, ọmọ tí Poly bí, àti Paul Sng ni wọ́n jọ darí rẹ̀. Ibi àjọ̀dún fíìmù Glasgow ni yóò ti kọ́kọ́ jáde níparí oṣù yìí. Tó bá sì di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, gbogbo àwa tí a wà níbí á lè wò ó. Ilé sinimá ṣì wà ní títì, nítorí náà orí íntánẹ́ẹ̀tì la ó ti sanwó wò ó. Tẹlifíṣọ̀n Sky Arts náà máa gbé e sáfẹ́fẹ́, kí ẹni tí ò mọ̀ sì mọ̀ pé Sky Arts ti di ọ̀fẹ́ lórí Freeview láti oṣù Kẹsàn-án èṣí.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: Marianne Joan Elliott-Said lorúkọ rẹ̀ gan-an. Wọ́n bí i ní Bromley ní 1957, òyìnbó ni ìyá, ọmọ Sòmálíà ni bàbá, Brixton ló sì dàgbà sí. Lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún 19, ìyẹn 3 oṣù Keje 1976, ó lọ wo ẹgbẹ́ olórin Sex Pistols lórí afárá tó wọ inú òkun ní Hastings. Ó délé, ó fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn àwọn olórin pé òun ń wá ọ̀dọ́ tí àwọn á jọ dá ẹgbẹ́ pọ́ǹkì sílẹ̀, ìyẹn orin gìtá aláriwo tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ nígbà náà. Bí X-Ray Spex ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwo ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe láyé ìgbà náà, Germfree Adolescents, ní 1978. Nígbà tó fi máa di 1979 ó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa á ní 25 oṣù Kẹrin 2011, ọmọ ọdún 53 ni.

Èmi náà wà lára àwọn tó dáwó nígbà tí wọ́n ń wá owó fíìmù yìí kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí náà mo lẹ́nu láti sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Fíìmù olórin tó ti kú, a mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Àwọn àgbàlagbà á tò jókòó síwájú ìwé tó kún ògiri, wọ́n á máa sọ pé kò tíì sírú ẹ̀ rí, olórin fúnra rẹ̀ ò ní ráyè kọ orin kan parí. Mi ò fẹ́ ìyẹn fún Poly. Ẹ̀yin ńkọ́?

Gìtá_Yaba · Èkó · 8:31 alẹ́

Yéè! Mo pariwo débi pé àbúrò mi sáré wọlé wá wò mí.

Àwa mẹ́ta la ní ẹgbẹ́ kékeré kan ní Yaba níbí, obìnrin ni gbogbo wa, gbogbo ibi tí a bá sì ti kọrin ni wọ́n ti ń bi wá pé ta ló ń kọ orin fún wa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí fídíò Poly lórí YouTube, wáyà eyín rẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ lọ sí. Èmi náà wọ wáyà eyín nílé ìwé, ọwọ́ ni mo fi ń bo ẹnu tí ẹ̀rín bá pa mí. Òun la ẹnu gbàgà sójú kámẹ́rà! Aṣọ aláwọ̀ tó ń ta yẹ́rìyẹ́rì ló wọ̀, ó ń pariwo, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ kan náà. Mo ní ta lèyí?

Ohun tí mo ń retí ni kí wọ́n fi bó ṣe ń kọ orin hàn wá. Kì í ṣe ìtàn ọkùnrin tó ràn án lọ́wọ́ o. Òun fúnra rẹ̀: ṣé ìwé ló máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ni, àbí ohùn ló máa ń kọ́kọ́ wá?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè wò ó ní Nàìjíríà?

Bàbá Àríyá · Abẹ́òkúta · 9:02 alẹ́

Mo kí gbogbo yín. Mo gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn orin tí ẹ ń sọ yìí, orí fọ́ mi. Ẹ dákun, kí ló kàn wá níbẹ̀? Lọ́dún 1977 tí àwọn ọmọ yìí ń fi pín-ìnnì gún aṣọ kiri ní London, sójà ti sun Kalakuta, wọ́n ti ju Màmá Fẹlá láti ojú fèrèsé. Ìyẹn là ń pè ní orin tí ó bá ìjọba jà. Ọmọ tó ń kígbe nípa ike àti ọṣẹ, kí ló rí?

Onírẹ́kọ́ọ̀dù · London · 9:10 alẹ́

Bàbá Àríyá, ẹ kì í wọ yàrá kan kí ẹ má gbé Fẹlá dání wọlé :) Kò sẹ́ni tó ní ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ tún orin ike yẹn gbọ́. 1978 ló ń sọ pé ohun tí à ń jẹ, ohun tí à ń wọ̀, títí dé ìfẹ́ tí à ń fẹ́ra wa, gbogbo rẹ̀ ń di ọjà inú ọ̀rá. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ náà, ike fífúyẹ́ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń sọ nù ló mú un lára rẹ̀, láti fi àwọn gbajúmọ̀ olórin ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá lọ wo gọ́tà ìsàlẹ̀ ilé yín, kí ẹ padà wá sọ fún mi pé kò rí nǹkan kan.

Gìtá_Yaba, inú UK nìkan ni ti Glasgow. Ti Nàìjíríà ò tíì yọjú, màá máa ṣọ́ ọ fún ẹ.

Màmá Deptford · London · 10:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọbìnrin mi ló fi ibí yìí hàn mí, kíkà ni mo máa ń kà, mi ò kì í kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, mo wà níbẹ̀.

Àwọn òbí mi wá kàwé ní London, wọ́n sì gbé mi fún òyìnbó alágbàtọ́ ní Kent, bí ọ̀pọ̀ Yorùbá ṣe ń ṣe nígbà náà. Wọ́n á fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn, òyìnbó á kọ lẹ́tà padà, ọmọ á lọ. Mo ti ń di ọmọ ọdún mẹ́wàá kí n tó padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Deptford. Mi ò gbọ́ Yorùbá, ìyá mi ò sì mọ ohun tí ń bẹ nínú mi. Lójú àwọn ọmọ ilé ìwé, dúdú ni mí. Lójú àwọn ará ilé wa, òyìnbó ni mí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí mo bá ń sọ̀rọ̀ Poly.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré lè má mọ bí ìlú ṣe le tó. Oṣù Kẹjọ 1976, Eric Clapton, tó jẹ́ pé orin aláwọ̀ dúdú ló ń bọ́ ọ, dúró lórí pèpéle ní Birmingham, ó ń yin Enoch Powell, olóṣèlú tí kò fẹ́ àjèjì nílùú, ó ní kí wọ́n lé àwọn àjèjì lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yẹn ló mú kí wọ́n dá Rock Against Racism sílẹ̀, láti fi orin bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 13 oṣù Kẹjọ, National Front, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ní àwọn á yan láti New Cross dé Lewisham, àdúgbò wa gan-an. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa. Látinú ilé là ń gbọ́ ẹṣin ọlọ́pàá àti ìgò tó ń fọ́.

Nígbà tó wá di 30 oṣù Kẹrin 1978, ọjọ́ Àìkú ni, mo ní mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Trafalgar Square ni mo gbà lọ, níbi ìwọ́de Rock Against Racism. A fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Victoria Park ní Hackney, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Èrò yẹn, wọ́n ní ó tó 80,000, àwọn mìíràn ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí The Clash ni gbogbo ayé ń pè tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Steel Pulse náà wà níbẹ̀, Tom Robinson wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n X-Ray Spex, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ọmọbìnrin kékeré kan gorí pèpéle tòun ti ìborùn lórí. Ó ṣí i kúrò, orí fífá kodoro ló yọ! Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ máa fi ẹwà òun tajà, òun á fá orí òun. Ó sì fá a. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi, tí wọ́n ti ń sọ ìsọkúsọ, wọ́n pa ẹnu mọ́.

Àwọ̀ rẹ̀ ni mo ń wò ní tèmi. Gbogbo ènìyàn ń retí pé rẹ́gẹ̀ ni ọmọ Brixton máa kọ. Ó ti ṣe rẹ́gẹ̀ rí, àwo kékeré kan ní 1976, kí ó tó di Poly. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tó wù ú ló ń kọ, kò sì bẹ dúdú, kò bẹ funfun.

Mo délé. Ìyá mi ti gbọ́ pé mi ò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí n fi í sínú.

Ohun tí mo ń retí nínú fíìmù yìí: kí kámẹ́rà dúró díẹ̀ ní Victoria Park, kí ó má sáré kọjá lára ọmọ yẹn lọ bá Joe Strummer ti The Clash.

Gìtá_Yaba · Èkó · 10:52 alẹ́

Màmá!!! Ẹ kú ìnira bàtà ṣọ́ọ̀ṣì o. Mo ti ka eléyìí sókè fún àwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n ní kí n bi yín: báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe rí lójúkojú?

Màmá Deptford · London · 11:05 alẹ́

Ọmọ mi, ohùn yẹn ga, ó sì mú. Mi ò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ó dé ọ̀dọ̀ mi kí gìtá tó dé.

Afọnfèrè_Ìbàdàn · Ìbàdàn · 10 oṣù Kejì, 7:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ Màmá, ẹ kú ìrántí.

Èmi fèrè ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Saksofóònù ni mò ń fọn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹgbẹ́ pọ́ǹkì ìgbà yẹn, gìtá, gìtá, ìlù, ó tán. Ta ló gbé saksofóònù wọ àárín wọn? Lora Logic ni, ọmọ ilé ìwé lásán nígbà náà. Ẹ gbọ́ Oh Bondage Up Yours!, orin wọn àkọ́kọ́ tó jáde ní 1977. Kò fọn ọ́n bí ẹni tí wọ́n kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ orin. Níbi tí ohùn Poly bá ti gòkè ni fèrè náà ti ń gòkè, bí ìyàwó méjì tí wọ́n ń jà sí kànga kan ṣoṣo. Tí olùdarí akọrin wa bá gbọ́ ọ, á gba fèrè lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n yọ fèrè yẹn kúrò nínú orin náà, wo ohun tó máa ṣẹ́kù.

Wọ́n yọ Lora kúrò lẹ́gbẹ́ kí àwo ńlá tó jáde. Rudi Thomson ló fọn èyí tó wà nínú àwo, bẹ́ẹ̀ Lora ló ti hun ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè mi nìyí: ọmọ ló ń darí fíìmù ìyá rẹ̀. Ṣé ọmọ máa lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n rẹ́ ẹlòmíràn jẹ lẹ́gbẹ́ ìyá òun?

Onírẹ́kọ́ọ̀dù · London · 7:48 àárọ̀

Ìbéèrè rere. Ohun tó mú mi ní ìrètí ni pé wọ́n padà rẹ́. Àwọn méjèèjì ló padà di ẹlẹ́sìn Hare Krishna, ẹ̀ka ẹ̀sìn Híńdù kan, láàárín ọdún 1980 sí i, Lora sì tún wà nínú Conscious Consumer, àwo tí ẹgbẹ́ náà ṣe ní 1995. Ìjà tí àwọn tó jà á ti parí, fíìmù ò ní ìdí láti bò ó mọ́lẹ̀.

ÌyáÌbejì · Houston · 3:15 ọ̀sán

Ẹ má bínú pé mo fẹ́ da omi tútù díẹ̀ sí i. Mo fẹ́ràn orin náà, mo ní àwo náà nílé. Fíìmù yìí ló ń kọ mí lóminú.

Mo wo àfihàn ránpẹ́ rẹ̀. Ìwé tí obìnrin yìí ń kọ sínú yàrá rẹ̀, tí kò kọ fún ẹnikẹ́ni, ni òṣèré Ruth Negga fẹ́ máa kà fún gbogbo ayé. Àìsàn rẹ̀, ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, bí ọmọ ṣe jìyà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òkú kì í dìde wá ro ẹjọ́ tirẹ̀. Nílé wa, bí ìyá ẹni tilẹ̀ ṣàṣìṣe, ìdí rẹ̀ la máa ń bò. Bó bá jẹ́ àjèjì ló ṣe é, a ó ní ọlọ́jà ni. Ọmọ bíbí inú ẹni ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Leeds · Leeds · 5:33 ìrọ̀lẹ́

ÌyáÌbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lọ. 1978, lẹ́yìn tí wọ́n kọrin tán ní Doncaster, ó rí nǹkan kan tó tàn bí iná aláwọ̀ pínkì lójú ọ̀run. Ó sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní schizophrenia ni, àìsàn ọpọlọ tí ènìyàn ti ń gbọ́ tàbí rí ohun tí kò sí. Ọdún 1991 ni wọ́n tó sọ pé bipolar ni. Ìyẹn àìsàn tó ń gbé ènìyàn sókè débi tí kò ní lè sùn, tó sì tún ń jù ú sílẹ̀ débi tí kò ní lè dìde. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi gbé orúkọ tí kì í ṣe ti àìsàn rẹ̀ kiri. Ó sì ti pẹ́ tí a ti mọ̀ nílẹ̀ yìí pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n máa ń yára lẹ orúkọ schizophrenia mọ́.

Poly ò sì fi pamọ́. Ó sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn nígbà ayé rẹ̀, láìfi ọwọ́ bo ẹnu. Ìdí tí a ń bò yẹn, mo rí ohun tó ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ mi. Àwọn ará ilé á ní "ó rẹ̀ ẹ́ ni", "ayé ló ń ṣe é", títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́. Tí fíìmù yìí bá jẹ́ kí ẹnì kan tètè gbé ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, èmi ti gba tèmi.

ÌyáÌbejì · Houston · 6:01 ìrọ̀lẹ́

Mo gbọ́ yín nípa àìsàn. Ṣùgbọ́n kí òun fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ọmọ sì sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Òun mọ ibi tó dá ọ̀rọ̀ dúró sí nígbà tó ń sọ ọ́.

Onírẹ́kọ́ọ̀dù · London · 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Celeste àti Zoë Howe ti gbé Dayglo jáde ní 2019, àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èmi rò pé ọmọ yìí ò wá tú àṣírí. Àpótí ìwé, àwòrán àti aṣọ ló jogún, ó sì ní láti pinnu ohun tó máa fi wọ́n ṣe. Ó lè sun wọ́n. Ó lè tà wọ́n.

Ẹ sì má gbàgbé pé àjèjì ti ṣe fíìmù nípa rẹ̀ rí. BBC ṣe ọ̀kan fún ètò Arena, Who Is Poly Styrene?, ó jáde ní oṣù Kìíní 1979. Ọmọ ọdún 21 ni nínú rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ níbẹ̀: ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń tẹ̀ lé e kiri, ó ń dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kúrò lẹ́gbẹ́. Èmi fẹ́ rí ohun tí ẹni tó ń bá a gbélé máa fi lé ìyẹn.

Màmá Deptford · London · 8:47 alẹ́

ÌyáÌbejì, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe kékeré, mi ò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ yẹn, ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, inú ilé àwọn Hare Krishna lẹ́bàá Watford ni ìyá rẹ̀ mú un gbé, ilé ńlá tí George Harrison ti Beatles rà fún wọn. Ìyá ń wá àlàáfíà níbẹ̀, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, àìsàn ò fi ìyá sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ ìtàn Poly láìsọ ìyẹn, ó ti yọ Celeste kúrò láyé nìyẹn. Òun náà wà nínú ìtàn.

Èmi gbé lọ́dọ̀ alágbàtọ́ títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ojú ìyá mi. Ìyá mi ti lọ báyìí. Àwọn ará ilé wa ò jẹ́ kí n bi í ní ìbéèrè kankan nígbà ayé rẹ̀, wọ́n ní àbùkù ni. A bo ìdí náà dáadáa. Mi ò sì mọ̀ títí dòní ìdí tó fi jẹ́ èmi ni wọ́n gbé lọ tí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Nítorí náà bí ọmọ kan bá rí ìwé tí ìyá rẹ̀ kọ, tó kà á, tó sì ní kí a wá jókòó ti òun, èmi á jókòó.

ÌyáÌbejì · Houston · 9:12 alẹ́

Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Màá wò ó. Mi ò sọ pé mo ti gbà o, mo ní màá wò ó.

ỌmọBristol · Bristol · 11 oṣù Kejì, 12:26 ọ̀sán

Mo ń ka gbogbo yín láti àná. Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn 1979 bí ó ti yẹ, àfi àìsàn. Ẹ̀rù tèmi nìyẹn. Fíìmù olórin pọ́ǹkì máa ń lo wákàtí kan lórí ọdún méjì, á wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sáré gba ọgbọ̀n ọdún tó kù kọjá, bí ẹni pé olórin ti kú láti ìgbà yẹn.

Poly ò kú ní 1979! Ó ṣe àwo Translucence ní 1980, orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èyí tó yẹ kí àwọn olólùfẹ́ pọ́ǹkì ti fetí sí nígbà náà, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1995 tí X-Ray Spex tún fẹ́ gbéra, ọkọ̀ panápaná ló gbá a, egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́, ètò dàrú. Ẹ gbọ́ mi yé mi, ọkọ̀ panápaná! Síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2008 ó gorí pèpéle ní gbọ̀ngàn Roundhouse ní Camden. Mo wà níbẹ̀. Ibẹ̀ kún. Àwọn tó ti hewú ń fò sókè, àwọn ọmọ wọn sì ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohùn yẹn ṣì wà.

Àwo rẹ̀ Generation Indigo jáde ní ìparí oṣù Kẹta 2011, Youth, ọkùnrin tó máa ń bá olórin ṣe àwo, ló bá a ṣe é. Kò pé oṣù kan tó fi kú. Ṣé ẹ ti gbọ́ àwo yẹn? Ó ń dápàárá nínú rẹ̀, ijó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti dé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń polówó rẹ̀. Tí fíìmù bá fi ìyẹn sí ìṣẹ́jú kan ìgbẹ̀yìn, mo máa bá wọn jà.

Gìtá_Yaba · Èkó · 12:58 ọ̀sán

Mo lọ gbọ́ Translucence nítorí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹni kan náà nìyí? Ó rọ̀, ó rọ̀ gan-an. Onílù wa ní a máa kọ ọ̀kan nínú rẹ̀ tí a bá tún pàdé.

Bàbá Àríyá · Abẹ́òkúta · 7:45 alẹ́

Mo padà dé. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín.

Mo tún orin ike yẹn gbọ́ bí Onírẹ́kọ́ọ̀dù ṣe wí. Ohùn rẹ̀ ṣì dà bíi fèrè ọlọ́pàá létí mi, àgbà ni mí, etí mi ò gba ìyẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọmọ náà ti rí nǹkan. Mo gbà fún un níbẹ̀.

Ohun tó gbé mi padà wá nìyí. Mo ń wo orúkọ àwọn tó sọ̀rọ̀ nínú fíìmù. Vivienne Westwood, Neneh Cherry, Kathleen Hanna, Don Letts, mo ka gbogbo wọn kọjá, mo dé ọ̀dọ̀ Pauline Black. Ṣé Pauline Black ti The Selecter, Coventry? Ẹni tí bàbá tó bí i jẹ́ ọmọ Yorùbá? Ẹ ò sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ wa wà nínú fíìmù yìí, ẹ jẹ́ kí n wá àga jókòó.

Onírẹ́kọ́ọ̀dù · London · 7:51 alẹ́

Hahaha. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí ló kàn wá!

Òun ni o. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù, òyìnbó ló gbà á tọ́ láti kékeré, ó ti dàgbà kó tó wá àwọn òbí rẹ̀ kàn. Èmi ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ti Westwood lọ, kí n sọ tòótọ́. Òun àti Rhoda Dakar, olórin bíi tirẹ̀, mọ bó ṣe rí kí ọmọbìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ méjì dúró síwájú èrò tí àwọn kan nínú wọn ń júwọ́ bíi ti Hitler. Kathleen Hanna, olórin pọ́ǹkì ará Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ á sọ bí ohùn Poly ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin Amẹ́ríkà ní ọdún 1990 sí i, ìyẹn náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ọ dáadáa.

Màmá Deptford · London · 8:30 alẹ́

Bàbá Àríyá, ẹ káàbọ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ sì má gbé Fẹlá wá lọ́jọ́ náà.

Bàbá Àríyá · Abẹ́òkúta · 8:34 alẹ́

Ìyẹn ni mi ò lè ṣèlérí, Màmá.

Afọnfèrè_Ìbàdàn · Ìbàdàn · 9:05 alẹ́

Ètò wo la ń ṣe báyìí? Àwa ará ilé ò ní rí i lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ará London. Ẹ má wá sọ gbogbo rẹ̀ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Onírẹ́kọ́ọ̀dù · London · 9:22 alẹ́

Bí a ṣe máa ṣe é nìyí. Èmi, Màmá, Nọ́ọ̀sì àti ỌmọBristol á wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Kí ẹnikẹ́ni má kọ ohun tó rí síbí. Màá ṣí ìjíròrò mìíràn, màá kọ ọ́ sí orí rẹ̀ gàdàgbà pé àwọn tó ti wò ó nìkan ni kó wọlé. Tí mo bá ti rí ọ̀nà tó tọ́ fún ẹ̀yin ará Nàìjíríà àti Houston, ibí ni màá fi sí.

Afọnfèrè, ohun àkọ́kọ́ tí màá sọ fún ẹ ni bóyá wọ́n dárúkọ Lora.

Afọnfèrè_Ìbàdàn · Ìbàdàn · 9:24 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan o. Ẹ má fi kún un.